Ẹni Tó Fẹ́ Fi Ọ̀rọ̀ Jẹ́ńdà àti Ìjẹ́ Ọmọ Orílẹ̀-èdè Gba Oyè Ọ̀mọ̀wé

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè kejì nínú ìmọ̀ ìṣèlú ni. Ohun tó wù mí láti fi ṣe oyè ọ̀mọ̀wé ni fìlọ́sọ́fì ìṣèlú, pàápàá ọ̀rọ̀ jẹ́ńdà, ìyẹn ipò tí àwùjọ fún ọkùnrin àti obìnrin, àti ìjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè. Olùkọ́ mi kan ní èyí kì í ṣe fìlọ́sọ́fì, pé ìjà-fẹ́tọ̀ọ́ ni, àti pé bí mo bá kọ 'jẹ́ńdà' sórí iṣẹ́ mi, kò sí ẹ̀ka tó máa gbà mí síṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan sì ní kí n kúkú lọ sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ jẹ́ńdà gan-an. Èwo ni kí n ṣe? Ṣé iṣẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́?"

Ìbéèrè méjì ló lọ́ mọ́ra nínú lẹ́tà yín, olùkọ́ yín ló sì lọ́ wọn pọ̀. Ọ̀kan ń bèèrè bóyá ẹ̀kọ́ yìí jinlẹ̀, ìkejì ń bèèrè bóyá yóò bọ́ ẹni tó bá kọ́ ọ. Ó fi ìkejì dẹ́rù bà yín, ìkíní sì wá dà bí ohun tí a ti dáhùn tán. Iṣẹ́ lè wọ́n bí ojú nínú ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀, ó sì lè pọ̀ yamùrá nínú èyí tí kò jinlẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ n mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Màá pẹ́ díẹ̀ lórí ìkíní, torí pé ẹni tí kò bá ní ìdáhùn sí i kò ní rí nǹkan sọ níwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbani síṣẹ́.

Ọ̀dọ̀ Aristotle, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́, ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọmọ ìlú ni ẹni tó ń kópa nínú ìdájọ́ àti nínú ìṣàkóso, tó ń ṣàkóso lónìí, tí àwọn ẹlòmíràn yóò sì ṣàkóso òun náà lọ́la. Ọ̀rọ̀ tó dára ni. Ṣùgbọ́n kí ọkùnrin kan tó lè jókòó sí ìgbìmọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ẹnì kan ní láti wà nílé tó ń dáná, tó ń tọ́mọ, tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ tí kì í tán. Aristotle mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì fi pa mọ́: iṣẹ́ obìnrin àti ti ẹrú nínú ilé ló ń fún ọmọ ìlú láàyè láti ṣe ọmọ ìlú. Ẹ tún wo òfin tí Pericles, aṣáájú ìlú Athens ní ilẹ̀ Gíríìkì, mú wá níbẹ̀ ní ọdún 451 ṣáájú ìbí Kristi, pé ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jọ jẹ́ ọmọ Athens nìkan ni yóò jẹ́ ọmọ ìlú. Ọmọkùnrin tí ìyá rẹ̀ kì í bá ṣe ọmọ Athens kò ní lè jókòó láàárín àwọn tó ń dìbò. Ìyá tó sì jẹ́ ọmọ Athens kò lè jókòó níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Obìnrin ń fún ọmọ ní ohun tí òun alára kò gbọdọ̀ lò. Ẹni tó bá ń wádìí ohun tó mú irú ètò bẹ́ẹ̀ bọ́gbọ́n mu lójú àwọn tó ṣe é, fìlọ́sọ́fì ìṣèlú gan-an ló ń ṣe.

Àwọn tí a ń pè ní baba ẹ̀kọ́ yìí lóde òní náà kò bọ́ nínú rẹ̀. Hobbes, onímọ̀ ọmọ Ìlú Ọba tí ẹnikẹ́ni kò lè pè ní ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin, kọ ọ́ ní 1651 pé kí ìjọba tó wà, abẹ́ àṣẹ ìyá ni ọmọ wà, torí ìyá nìkan ló lè sọ ẹni tó bí i fún. Báwo wá ni àṣẹ ṣe bọ́ sọ́wọ́ bàbá? Ìdáhùn rẹ̀ kò ju pé àwọn bàbá ló sábà dá ìjọba sílẹ̀, kì í ṣe àwọn ìyá. Èmi ti ka ibẹ̀ láìmọye ìgbà, ó sì ń yà mí lẹ́nu pé ọkùnrin tó fi sùúrù tú gbogbo nǹkan palẹ̀ bẹ́ẹ̀ gba ibi yìí kọjá bí ẹni ń sáré. Inú àlàfo yẹn ni Carole Pateman, onímọ̀ ìṣèlú obìnrin, wọ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1988: ó ní àdéhùn tí àwọn onímọ̀ sọ pé ó dá ìjọba sílẹ̀ gbára lé àdéhùn mìíràn tí wọn kò dárúkọ, èyí tó fi obìnrin sábẹ́ ọkùnrin. Ẹ lè má gbà pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ni kò gbà, ṣùgbọ́n ẹ ní láti ka Hobbes àti Locke, tí òun náà kọ nípa àdéhùn yìí, dáadáa kí ẹ tó lè bá a jiyàn.

Ní 1762, Rousseau, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì tó ń kọ̀wé ní èdè Faransé, tẹ ìwé méjì jáde láàárín oṣù díẹ̀ síra wọn. Nínú ọ̀kan, ó ní kò sí òmìnira àyàfi nínú ìtẹríba fún òfin tí ènìyàn fúnra rẹ̀ bá wọn ṣe. Nínú ìkejì, tó dá lórí ẹ̀kọ́ ọmọdé, ó ní kí wọ́n tọ́ ọmọbìnrin lọ́nà tí yóò fi máa wu ọkùnrin. Nígbà tí ìyípadà dé sí Faransé ní 1789, Sieyès, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú ìyípadà náà, pín àwọn ènìyàn sí ọmọ orílẹ̀-èdè tó ń ṣe nǹkan àti èyí tó kàn wà níbẹ̀, ó sì kó àwọn obìnrin sínú ìkejì. Olympe de Gouges, òǹkọ̀wé obìnrin kan, mú ìkéde ẹ̀tọ́ ti 1789, ó tún un kọ ní abala sí abala ní 1791 ní orúkọ obìnrin, ó sì sọ níbẹ̀ pé bí wọ́n bá lè mú obìnrin gun orí pèpéle ìbẹ́nilórí, ó yẹ kó lè gun orí pèpéle ọ̀rọ̀ sísọ náà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1793, wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Ní ọdún tó ṣáájú, Mary Wollstonecraft, òǹkọ̀wé obìnrin mìíràn, ti dá Rousseau lóhùn ní Ìlú Ọba. Kò bẹ̀bẹ̀ fún àánú ẹnikẹ́ni. Ohun tó sọ ni pé, ẹ̀yin lẹ ní làákàyè ló sọ ènìyàn di olómìnira. Ẹ fi hàn wá nígbà náà pé obìnrin kò ní in, tàbí kí ẹ gbà pé ọ̀rọ̀ yín kàn án. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ bá olùkọ́ yín. Láti inú ohun tí àwọn onímọ̀ náà fúnra wọn gbà ni àríyànjiyàn yìí ti jáde.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Nígbà tí John Rawls, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ọmọ Amẹ́ríkà, gbé tíọ́rì ìdájọ́ òdodo rẹ̀ jáde ní 1971, ó ní ká ronú nípa àwọn tó ń yan ìlànà fún àwùjọ bí olórí ìdílé. Susan Moller Okin, onímọ̀ ìṣèlú obìnrin, bi í léèrè ní 1989: bí olórí ìdílé bá ti ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo ilé, ta ló máa yẹ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé wò, ẹni tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ torí ọmọ, ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀? Rawls alára ti ní inú ìdílé ni ọmọ ti kọ́kọ́ ń kọ́ òdodo. Báwo ni yóò ṣe kọ́ ọ níbi tí kò bá sí? Rawls kò sọ pé ìjà-fẹ́tọ̀ọ́ ni. Ó jókòó, ó sì fi apá kan nínú àròkọ tó gbé jáde ní 1997 dáhùn. Mi ò rò pé ìdáhùn náà tó, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ó mọ̀ pé inú ilé òun ni ìbéèrè náà ti wá.

Bákan náà ni T. H. Marshall, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Ìlú Ọba, tí gbogbo ẹni tó ń kọ nípa ìjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní 1950, ó to ìtàn Ìlú Ọba léra: ẹ̀tọ́ níwájú òfin ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ẹ̀tọ́ ìṣèlú ní ìkọkàndínlógún, ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú àti ìgbé ayé tó dára ní ogún. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ ẹ fi obìnrin dán an wò. Àwọn òfin tó jẹ́ kí obìnrin tó ní ọkọ lè ní dúkìá tirẹ̀ ní England jáde ní 1870 àti 1882. Ìbò dé fún ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ti pé ọgbọ̀n ọdún ní 1918, ó sì bá ti ọkùnrin dọ́gba ní 1928. Bẹ́ẹ̀, òfin ilé-iṣẹ́ ti ń dáàbò bo àwọn obìnrin láti 1844. Èyí túmọ̀ sí pé wọ́n rí irú ààbò tí Marshall fi sí ìkẹyìn kí wọ́n tó rí èyí tó fi sí ìkíní. Marshall rí i, ó ní wọ́n dáàbò bo obìnrin torí pé wọn kò kà á sí ọmọ orílẹ̀-èdè tó pé. Ó sọ ọ́ tán, ó sì kọjá lọ. Odindi iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé lè wà nínú gbólóhùn kan tí onímọ̀ ńlá sọ tí kò padà sí.

Ibi tí iṣẹ́ ṣì pọ̀ jù lójú tèmi ni ohun tí Pateman sọ orúkọ Wollstonecraft mọ́, pé obìnrin tó ń béèrè ipò ọmọ orílẹ̀-èdè wà láàárín iná méjì. Bó bá ní òun fẹ́ dọ́gba, wọn á ní kó wá ṣe bí ọkùnrin, kó máa ṣiṣẹ́ bí ẹni tí kò ní ọmọ nílé. Bó bá ní kí wọ́n ka ìtọ́jú ọmọ àti arúgbó sí ojúṣe ọmọ orílẹ̀-èdè, bí ìgbà tí ọkùnrin bá lọ sójú ogun, ó lè di pé wọ́n fi ìyẹn há a mọ́ inú ilé. Àwọn onímọ̀ bíi Ruth Lister àti Iris Marion Young ti wá ọ̀nà tí a lè gbà jáde níbẹ̀, síbẹ̀ àríyànjiyàn náà kò tíì parí. Ẹ kíyè sí i pé ọkùnrin wà nínú ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ìgbà tí a bá so ọmọ orílẹ̀-èdè rere pọ̀ mọ́ ẹni tó lè gbé ohun ìjà, a ti sọ nǹkan nípa irú ọkùnrin tí a fẹ́, a sì ti ti àwọn ọkùnrin kan síta. Àwọn tó bá rò pé jẹ́ńdà túmọ̀ sí obìnrin nìkan kì í rí ibí yìí. Àwọn kan tiẹ̀ wà tí wọ́n ń bèèrè bóyá jẹ́ńdà ló ń to gbogbo àwùjọ rárá, bí Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, onímọ̀ nípa àwùjọ, ṣe ṣe nínú ìwé rẹ̀ ti 1997 lórí àwùjọ Yorùbá. Ẹ kà á kí ẹ tó kọ ohunkóhun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "níbi gbogbo láyé."

Lẹ́tà yín fi hàn pé tíọ́rì ló wà lọ́kàn yín, òfin kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Ẹ fi kún un. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan ti 1907 sọ pé obìnrin tó bá fẹ́ àjèjì ti di ọmọ orílẹ̀-èdè ọkọ rẹ̀. Ethel Mackenzie, tí wọ́n bí sí California, fẹ́ ọmọ Ìlú Ọba. Nígbà tí California fún obìnrin ní ìbò ní 1911, tí ó sì lọ forúkọ sílẹ̀, wọ́n ní kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà mọ́. Ní 1915, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá wọn láre, wọ́n ní ó fọwọ́ ara rẹ̀ yàn án nígbà tó yàn láti fẹ́ ọkùnrin náà. Ìgbà tó di 1922 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí òfin náà padà. Ọ̀rọ̀ ìyànfúnra-ẹni tí ilé ẹjọ́ yẹn lò yẹ fún orí ìwé kan: kí ló máa ń sọ ìgbéyàwó di ìpinnu láti fi orílẹ̀-èdè sílẹ̀ fún obìnrin, tí kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin? Ní Botswana, Unity Dow pe ìjọba lẹ́jọ́ torí pé àwọn ọmọ tó bí fún ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà kò lè jẹ́ ọmọ Botswana, ó sì borí ní ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní 1992. Àdéhùn àgbáyé ti 1979 lórí ẹ̀tọ́ obìnrin sọ ọ́ ní abala kẹsàn-án pé kí obìnrin àti ọkùnrin ní ẹ̀tọ́ kan náà láti fún ọmọ ní orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀ orílẹ̀-èdè tó lé ní ogún ni ìyá kò ti lè ṣe é bíi bàbá dòní.

Olùkọ́ yín ní ibì kan tó ti tọ̀nà o, mi ò ní fi dù ú. Mo ti ka ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí ìparí rẹ̀ ti hàn láti ojú ìwé kìn-ín-ní, tí ẹni tó kọ ọ́ kò bá ẹnikẹ́ni tó gbọ́n pàdé ní ọ̀nà. Ìjà-fẹ́tọ̀ọ́ kì í ṣe ẹ̀gàn, àwọn tó jà ló jẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin lè máa sọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ajàfẹ́tọ̀ọ́ ti mọ ohun tó fẹ́, ó ń wá bí yóò ṣe rí i gbà. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé gbọ́dọ̀ gbà pé ó ṣeé ṣe kí òun ṣàwárí ohun tí kò ní dùn mọ́ òun nínú. Ẹ bi ara yín: kí ló lè mú kí n yí èrò mi padà lórí kókó yìí? Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Iṣẹ́ tó dúró kò pọ̀, àwọn tó ń wá a pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì, bó sì ṣe rí nìyẹn nínú gbogbo fìlọ́sọ́fì ìṣèlú, ẹ kọ jẹ́ńdà síbẹ̀ o, ẹ ò kọ ọ́ o. Ẹni tó gba oyè tán sábà máa ń lo ọdún mélòó kan nínú iṣẹ́ onígbà díẹ̀, láti ìlú kan sí òmíràn. Ní Jámánì, òfin tiẹ̀ fi gbèdéke sí i: ọdún mẹ́fà ṣáájú oyè ọ̀mọ̀wé, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, ni yunifásítì lè fi gbà yín síṣẹ́ onígbà, lẹ́yìn ìyẹn, ipò tó dúró tàbí ọ̀nà míì. Ìgbà yẹn kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bímọ. Ó bá ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ kọ́ mu ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ti ẹ̀ka, ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ yín ni mi ò fara mọ́, mo sì mọ̀ pé inú àwọn kan kò ní dùn. Àwọn ẹ̀ka jẹ́ńdà a máa gba ẹni tó ní oyè nínú ìmọ̀ ìṣèlú, fìlọ́sọ́fì, òfin tàbí ìtàn. Ẹ̀ka fìlọ́sọ́fì àti ti ìmọ̀ ìṣèlú kì í sábà gba ẹni tí oyè rẹ̀ jẹ́ ti jẹ́ńdà nìkan. Ilẹ̀kùn yẹn ń ṣí síbì kan ju èkejì lọ. Ní Amẹ́ríkà, tíọ́rì ìṣèlú jẹ́ ọ̀kan lára àwọn apá tí wọ́n pín ìmọ̀ ìṣèlú sí, nítorí náà oyè kejì tí ẹ ní bá a mu láìsí wàhálà. Ní Faransé, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ tó ń yẹ ìwé àwọn tó fẹ́ kọ́ni ní yunifásítì wò ní ti fìlọ́sọ́fì yàtọ̀ sí ti ìmọ̀ ìṣèlú, ìwé ẹni sì lè dà bí àdán níwájú wọn, kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ. Ẹ yan ilé kan, kí ẹ mọ ìwé ibẹ̀ débi pé ẹ lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní láti Plato dé Rawls, torí ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ ní kí ẹ kọ́ wọn nìyẹn. Lẹ́yìn náà kí ẹ mú ìbéèrè yín wọ ibẹ̀. Bó bá jẹ́ òfin ìjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè ló ń fà yín jù lọ, ẹ̀ka òfin lè dára ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n inú ìmọ̀ ìṣèlú ni èmi ti lo ìgbà ayé mi, ẹ lọ gbọ́ ti ibẹ̀ lẹ́nu ẹni tó ń kọ́ni níbẹ̀.

Ìdí mìíràn tún wà tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka jẹ́ńdà ni àwọn olóṣèlú ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ní 2018, ìjọba Hungary yọ oyè kejì nínú ẹ̀kọ́ jẹ́ńdà kúrò lára èyí tí òfin wọn fọwọ́ sí. Ní 2023, àwọn alákòóso yunifásítì ìjọba kan ní Florida dìbò láti bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹ̀kọ́ náà rẹ́ níbẹ̀. Kò sí ìjọba tó rọrùn fún láti fi òfin pa Aristotle rẹ́, àwọn ìbéèrè tí mo kà sílẹ̀ lókè sì wà nínú ìwé rẹ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ torí ìbẹ̀rù, mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Bí jẹ́ńdà bá jẹ́ kókó iṣẹ́ yín, kó wà lórí ìwé. Ẹ̀ka tí ọ̀rọ̀ kan lórí ìwé bá lè lé sá, ẹ kò ní gbádùn àtigbé níbẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ìbéèrè yín ṣe kedere ju orúkọ ẹ̀kọ́ yín lọ. "Jẹ́ńdà àti ìjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè" kì í ṣe ìbéèrè. "Ṣé ìtọ́jú ọmọ lè jẹ́ ojúṣe tí ìjọba lè béèrè lọ́wọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè, bíi iṣẹ́ ológun?" ni ìbéèrè.

Ẹ má ṣe oyè ọ̀mọ̀wé yìí pẹ̀lú owó ara yín tàbí owó ìyá àtawọn ẹbí. Ní Ìlú Ọba ó ń gba bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, ní Amẹ́ríkà márùn-ún sí méje, iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sì dájú tó láti jẹ gbèsè lé. Bí ẹ̀ka kan bá gbà yín tí kò fún yín lówó, ohun tó ń sọ ni pé òun kò fi bẹ́ẹ̀ nílò yín. Ẹ dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ní ti alábòójútó, ẹ má wo òkìkí nìkan. Ẹ kàn sí àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ béèrè ibi tí wọ́n wà báyìí àti bí ó ṣe ń pẹ́ tó kó tó ka orí ìwé kan. Ọ̀nà mìíràn tún wà lóde yunifásítì, nínú àwọn àjọ tó ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn tí kò ní orílẹ̀-èdè kankan, ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, nínú àtúnṣe òfin. Àwọn kan lára àwọn tí mo kọ́ wà níbẹ̀, owó wọn ju tèmi lọ. Mi ò mọ̀ yín, lẹ́tà kan kò sì lè fi hàn mí bóyá ẹ lè jókòó ti ìbéèrè kan fún ọdún márùn-ún láìsí ẹni tó ń yìn yín. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ìyẹn.

Bí ẹ bá ti pinnu, ẹ kọ ojú ìwé méjì péré: ìbéèrè kan, onímọ̀ méjì tó ta kora lórí rẹ̀, àti ohun tí ẹ rò pé àwọn méjèèjì kò rí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ní Amẹ́ríkà ń ti ìwé ìforúkọsílẹ̀ ní oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìn-ín-ní, àwọn tó máa kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún yín sì nílò oṣù méjì ó kéré tán, nítorí náà kí ojú ìwé méjì náà ti wà lọ́wọ́ wọn kí oṣù Kẹsàn-án tó parí.